Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè gbé ìwé ìwádìí àtijọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìkàwé yunifásítì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí n kó ìwé ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà, kí gbogbo ayé lè rí wọn kà. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ló kù, ikán sì ti ń jẹ ẹ́ létí. Ó ń dùn mí gan-an.

DSpace, ètò kọ̀ǹpútà fún kíkó ìwé pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí yunifásítì MIT àti ilé-iṣẹ́ HP gbé jáde ní 2002, ni mo fẹ́ lò, torí ọ̀fẹ́ ni. Mo ti ń ya ojú ìwé ní 300 dpi (ìwọ̀n bí àwòrán ṣe mọ́ tó), PDF/A, irú PDF tí wọ́n ṣe fún ìpamọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́, ni mo sì ń fi wọ́n pamọ́ sí. Àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà ló ń dà mí láàmú: tí kọ̀ǹpútà bá ka èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ, “ọkọ̀” a di “oko”, ẹni tó bá ń wá a kò sì ní rí i. Ṣé ẹnì kan ti lo Tesseract, ètò tó ń sọ àwòrán ìwé di ọ̀rọ̀, fún Yorùbá rí? Àbí ọwọ́ lẹ fi ń tún un tẹ̀?

Àwọn tó kọ ìwé wọ̀nyí ńkọ́? Àwọn kan ti di olóògbé. Ṣé kí n kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹbí wọn ni, àbí kí n gbé àṣàmọ̀ (àkótán kúkúrú ìwé náà) nìkan síta ná? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.