Ìmọ̀ràn: màmá ń lọ London láti Ìjẹ̀bú-Òde, ọkọ̀ òfuurufú wo ló yẹ wọ́n?

Ìmọ̀wò: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Màmá wa ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n sì ń lọ bá àbúrò mi ní London nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì tó ń gba Addis Ababa dín owó ju ti ọkọ̀ tó ń lọ tààrà. Wákàtí mélòó ni ọ̀kan fi ju èkejì lọ? Èwo ni kí a rà?

Atìkọ̀rí: Ẹ wo máàpù kí ẹ tó wo owó. Èkó sí London tó nǹkan bí kìlómítà 5,000, àríwá lọ́nà tààrà. Bíi wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni. Ìlà-oòrùn ni Addis Ababa wà: Èkó sí ibẹ̀ tó 3,900, ibẹ̀ sí London tún tó 5,900. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì! Wákàtí márùn-ún, ìdúró, kí wọ́n tún wá jókòó fún bíi mẹ́jọ. Bí owó bá ṣòro, Casablanca ni kí ẹ bá lọ: 3,200 àti 2,100, kò yà kúrò lọ́nà.

Ẹ má jẹ́ kí ìdúró ibẹ̀ dín ní wákàtí méjì, torí bí ọkọ̀ bá pẹ́ gbéra l'Ékòó, ti kejì ti lọ nìyẹn. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni kí ẹ rà. Bí ó bá jẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, màmá ló máa lọ gba ẹrù, tí wọ́n á tún tò sí káńtà.

Ọmọ Mákùn: Tààrà ni mo fara mọ́. Orúnkún àgbà kò fẹ́ sáré láti ẹnu ọ̀nà kan sí òmíràn. Kí ẹ bèèrè àga onítáyà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀, ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú, ọ̀fẹ́ ni.

Aago orí tíkẹ́ẹ̀tì, ti ìlú kọ̀ọ̀kan ni. Ní Ṣẹ́rẹ́, London fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Láti ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn nínú Ẹrẹ́nà títí dé èyí tó gbẹ̀yìn nínú Ọ̀wàrà, aago wa dọ́gba. Ọkọ̀ tó bá gbéra ní aago 11 alẹ́ á balẹ̀ ní nǹkan bí aago 4:30 ìdájí wọn. Kí àbúrò yín má lọ ka 5:30.

Ìmọ̀wò: Mo gbọ́ pé ọkọ̀ ń sá kìlómítà 900 ní wákàtí kan. Kí ló dé tí kò fi jẹ́ márùn-ún ààbọ̀?

Atìkọ̀rí: Wọ́n ń ka ìrìn orí ilẹ̀ mọ́ ọn, àti gígòkè òun sísọ̀kalẹ̀. Heathrow náà máa ń kún, ọkọ̀ a máa yí po lókè kó tó ráyè bà. Ojú ọ̀nà tún lè yí: nígbà tí ìjọba ológun Niger ti òfuurufú wọn pa ní oṣù kẹjọ 2023, ṣe ni àwọn ọkọ̀ ń yí ibẹ̀ ká, wákàtí sì lé.

Òdogbolu: Ẹ má gbàgbé ti ilẹ̀ o. Ìjẹ̀bú-Òde sí Ìkẹjà tó bíi ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Bí ọ̀nà bá dán, wákàtí méjì. Mowé, Ìbàfò àti Berger lè sọ ọ́ di mẹ́rin. Fún ọkọ̀ aago 11 alẹ́, ẹ kúrò nílé ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí èrò ń wọ́ lọ sí Káńpù Rídíìmù, aago mọ́kànlá àárọ̀ ni kí ẹ ti wà ní títì.