Owó oṣù tí ìjọba ń bá ọ̀gá san nígbà tí nǹkan le, ṣé ó ń gba iṣẹ́ là lóòótọ́?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ajé, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la ń fa ọ̀rọ̀ yìí, ó ní owó ìlú tí wọ́n ń dà sápò olówó lásán ni, mo ní rárá o. Ẹ wo Ìlú Ọba nígbà kòrónà, láti 2020 títí di September 2021, àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n lọ jókòó sílé ṣì ń gba 80% owó oṣù wọn, àmọ́ kò gbọdọ̀ kọjá £2,500 lóṣù. Jámánì tiẹ̀ ti ń ṣe tiwọn tipẹ́, Kurzarbeit, wọ́n á dín wákàtí iṣẹ́ kù dípò kí wọ́n lé èèyàn, ìjọba á wá san 60% lára owó oṣù tó dín, 67% fẹ́ni tó bá lọ́mọ. Ìyẹn wù mí jù ká sòótọ́.

Ibi tó ti wá há mi lọ́fun nìyí: ọ̀gá tí ò ní in lọ́kàn láti lé ẹnikẹ́ni náà á sáré lọ gbà á, iléeṣẹ́ tó ti ń kú lọ tẹ́lẹ̀ náà á gbà á. Kánádà ní kí iléeṣẹ́ fi hàn pé owó tó ń wọlé ti já wálẹ̀, ṣé ìyẹn tó láti fi yọ àwọn ayédèrú kúrò? Tówó yẹn bá wá dáwọ́ dúró ńkọ́, ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn sún ìlékúrò síwájú ni? Ẹni tó bá ti bá iléeṣẹ́ ṣètò owó oṣù rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá sí i.