Fíìmù kọ́bọ́ì wo ló láṣìṣe jù? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọ̀láwòran: Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ máa ń wo fíìmù kọ́bọ́ì láti kékeré, ní báyìí a ti wá sọ ọ́ di tẹ́tẹ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àṣìṣe, ẹnì kejì ló máa ra súyà. Èmi ni mò ń rà á ṣáá! Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni mo lè gbé kalẹ̀ tí màá ti mọ ibi tí wọ́n ti ṣì í kó tó débẹ̀?

Bàbá_Kọ́bọ́ì: The Good, the Bad and the Ugly, ti 1966. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ni wọ́n ń jà nínú ẹ̀, 1862 nìyẹn, Tuco àti Blondie wá lọ fi dáínámáìtì wó afárá, bẹ́ẹ̀ 1867 ni Alfred Nobel ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàwé àṣẹ lórí ẹ̀. Afárá yẹn gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ́ ọ ní Sípéènì o, torí ọ̀gá ṣọ́jà kan ti yìn ín kí kámẹ́rà tó bẹ̀rẹ̀.

Àdùkẹ́_Olójú_Àwòdì: Bàbá, ẹ má bínú, ta ni ò mọ ti dáínámáìtì? Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ á ti mọ̀ ọ́n. My Darling Clementine (1946) ni kó gbé sílẹ̀. Ìjà ìbọn O.K. Corral tí Wyatt Earp, agbófinró, àtàwọn arákùnrin ẹ̀ jà lóòótọ́ ní Amẹ́ríkà, October 1881 ló ṣẹlẹ̀, 1882 ni tinú fíìmù. Doc Holliday tó jẹ́ dókítà eyín, wọ́n sọ ọ́ di oníṣẹ́ abẹ, wọ́n tún pa á síbi ìjà náà, bẹ́ẹ̀ ikọ́ fée ló pa á ní Colorado lọ́dún 1887. Ti James Earp ló pa mí lẹ́rìn-ín jù, wọ́n ní àbúrò Wyatt ni, wọ́n sì tètè pa á, ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó kú ní 1926!

Ẹlẹ́kámẹ́rà: Fídíò ìgbéyàwó ni mò ń yà, ẹ jẹ́ n dá sí i. Ọ̀rọ̀ táwọn méjì jọ sọ, wọ́n lè yà á láàárọ̀ fún ẹnì kan, kí wọ́n yà á nírọ̀lẹ́ fún ìkejì, kí wọ́n wá lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Má wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀, sìgá ẹnu ẹni tó ń gbọ́ ni kó o máa wò, wàá rí i tó ń gùn sí i dípò kó máa kúrú. Òjìji ilẹ̀ náà ńkọ́.

Ọ̀láwòran: Ẹ ṣé gan-an, Clementine ni mo mú. Àǹtí Àdùkẹ́, ibo ni 1882 yẹn ti jáde, kí n má lọ sùn kọjá ẹ̀?

Àdùkẹ́_Olójú_Àwòdì: Nígbà tí Wyatt lọ sídìí sàréè James ni. Òun fúnra ẹ̀ ló ka ọdún náà jáde, tó o bá wà ní kíṣìnì wàá ṣì gbọ́ ọ.