Ìgò wáìnì kan láti ara àjàrà ọdún 1912: ǹjẹ́ ọjọ́ orí igi máa ń hàn nínú ọtí?

Ọmọ Ìtòkú béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Nígbà tí àna wa tí ń gbé ní Adelaide, ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, wá síbi ìnáwó ilé wa ní oṣù tí ó kọjá, ìgò ọtí wáìnì pupa kan ni ó gbé fún bàbá mi. Henschke ni orúkọ ẹbí tí ó ṣe é, Mount Edelstone ni wọ́n kọ sára rẹ̀, 2015 sì ni ọdún tí wọ́n ká èso rẹ̀. Àna wa ṣàlàyé pé 1912 ni wọ́n gbin àjàrà tí ọtí náà ti jáde, àti pé ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi ga tó bẹ́ẹ̀. Bàbá mi yí ìgò náà síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, “Igi tí ó ti lé ní 100 ọdún, kí ni ó tún ń wá nínú oko? Kòkó tí kò tó ìdajì ọjọ́ orí rẹ̀ ni a gé dànù ní Ọ̀dẹ̀dá.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Ṣé òótọ́ ni pé ogbó igi máa ń hàn nínú ọtí, tàbí ọ̀rọ̀ tí àwọn ọlọ́jà fi ń gbówó lé ọjà ni? Èkejì ni pé bàbá mi fẹ́ fi ìgò náà pamọ́ di ọjọ́ tí yóò pé ẹni 70 ọdún, ó sì ku ọdún méjì. Nínú ilé wa ní Ìbarà, tí páànù ń gbóná láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí iná ọba sì ń wá nígbà tí ó bá wù ú, níbo ni kí a gbé e sí?

Ẹ̀gbá Ìlú Òkèèrè dáhùn pé:

Ẹ kú ìbéèrè. Ó ti pé ọdún 11 tí mo ti ń gbé ní Adelaide, mo sì ti dé agbègbè tí ọtí yín ti wá.

Ilẹ̀ Silesia, tí ó wà lábẹ́ ọba Prussia nígbà náà, ni Johann Christian Henschke ti wá. Ọmọ ìjọ Luther ni, ó sì wà lára àwọn tí ó ṣí lọ sí Gúúsù Ọsirélíà nítorí pé ọba kò jẹ́ kí wọ́n sin Ọlọ́run bí ìjọ wọn ti ń sìn ín tẹ́lẹ̀. Ó gúnlẹ̀ ní 1841. 1868 sì ni ẹbí náà ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wáìnì wọn ní abúlé Keyneton. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ náà kò ti jáde kúrò lọ́wọ́ ọmọ àti ọmọọmọ. Stephen, tí ó jẹ́ ìran karùn-ún, ni a mọ̀ mọ́ ìfúntí, Prue ìyàwó rẹ̀ ni a mọ̀ mọ́ oko, àwọn ọmọ wọn náà sì ti wọnú iṣẹ́ náà.

Mount Edelstone kì í ṣe oko tí àwọn baba ńlá wọn gbìn. Ronald Angas ni ó gbìn ín ní 1912, nígbà tí Ọba Gbádébọ̀ Kìíní wà lórí ìtẹ́ ní Aké, tí Ẹ̀gbá ṣì ń ṣe ìjọba ara rẹ̀. Cyril Henschke, bàbá Stephen, a máa ra èso oko náà, ó sì kọ́kọ́ ṣe wáìnì rẹ̀ lọ́tọ̀ ní 1952, láì da èso oko mìíràn mọ́ ọn. Ìgbà tí ó tó di 1974 ni ẹbí náà ra oko náà fúnra rẹ̀. (Bí a bá tú orúkọ náà láti èdè Jámánì, òkè òkúta iyebíye ni. Ta ni ìbá tún tọ́ sí bí kò ṣe ará Abẹ́òkúta?)

Oko wọn tí ó tún dàgbà jù èyí lọ ni Hill of Grace, tí Nicolaus Stanitzki gbìn ní nǹkan bí 1860, ẹ lè fi wé Ìwé Ìròhìn tí Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà tí ó yí i ká, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré Gnadenberg tí oko náà ti gba orúkọ (òkè oore-ọ̀fẹ́ ni Gnadenberg ní èdè Jámánì, òun náà ni Hill of Grace ní Gẹ̀ẹ́sì). Ìdí àwọn igi náà nípọn ju itan àgbàlagbà lọ, wọ́n lọ́ bí ìgbà tí a fún aṣọ, èèpo wọn ń já bọ́ ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, inú òmíràn sì ti ṣófo débi pé mo rí ìmọ́lẹ̀ ní òdì kejì rẹ̀. Síbẹ̀ ewé tútù yọ̀yọ̀ wà lórí wọn.

N kò wọlé, nítorí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí àlejò má ṣe kọjá wáyà: erùpẹ̀ ara bàtà lè gbé kòkòrò wọ oko. Kòkòrò náà ni phylloxera, tí kò tó orí abẹ́rẹ́, tí ó sì ń fa omi gbòǹgbò àjàrà mu títí igi yóò fi kú. Láàárín 1860 sí 1900 ó pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú àjàrà ilẹ̀ Faransé, títí àwọn àgbẹ̀ fi rí i pé àfi kí àwọn lọ́ ẹ̀ka àjàrà wọn mọ́ ìdí àjàrà Amẹ́ríkà, èyí tí kòkòrò náà kì í rí pa. Gúúsù Ọsirélíà ṣe òfin tirẹ̀ ní 1899 láti dènà rẹ̀, kò sì tíì wọ ibẹ̀. Ìdí nìyí tí igi ọdún 1912 yẹn fi lè dúró lórí gbòǹgbò ara rẹ̀ títí di òní.

Àgbẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá dáhùn pé:

Ọmọ mi, sọ fún bàbá rẹ pé mo wà lẹ́yìn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò ní bá a dé ìdí ọ̀rọ̀. Èmi fúnra mi kì í mu wáìnì kọjá ti orí tábìlì Olúwa, ṣùgbọ́n mo mọ igi.

Ìwọ̀n ni a fi ń ta kòkó. Igi kòkó tí ó bá ti kọjá 30 ọdún, tí èso rẹ̀ sì ń dín kù, gbèsè ni ó ń dá sí àgbẹ̀ lọ́rùn. Adùn ni wọ́n fi ń ta wáìnì ní tiwọn, nítorí náà àìpọ̀ èso kò pa wọ́n lára tó bẹ́ẹ̀: àjàrà arúgbó a máa so díẹ̀, agbára igi a sì pín sára ìdì díẹ̀ dípò ọ̀pọ̀lọpọ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ tí ó ti jìn kì í sì jẹ́ kí ọ̀dá tètè mì ín. Èyí bá ọgbọ́n mu.

Ibi tí mo ti dúró wò ni èyí. Bí ó bá jẹ́ àìpọ̀ èso nìkan ni, àgbẹ̀ lè gé ìdì dànù lára igi ọmọ ọdún mẹ́wàá kí ó sì rí ohun kan náà. Lọ́nà kejì, kò sí ẹni tí ń fi igi burúkú sílẹ̀ fún 100 ọdún. Ní àwọn ọdún 1980, ìjọba Gúúsù Ọsirélíà sanwó fún àwọn àgbẹ̀ kí wọ́n hú àjàrà wọn, nítorí èso ti pọ̀ ju ọjà lọ, ọ̀pọ̀ àjàrà arúgbó sì bá a lọ. Oko tí ó kù lẹ́yìn irú ìyẹn, oko tí ẹnì kan kọ̀ láti jẹ́ kí ó lọ ni, bóyá nítorí pé ilẹ̀ rẹ̀ dára láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ọtí rẹ̀ bá wá dùn, ṣé ogbó igi ni, tàbí ilẹ̀, tàbí ọwọ́ ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀? Kò sí bí a ṣe lè yà wọ́n sọ́tọ̀ lẹ́nu.

Kíyè sí ohun tí wọ́n kọ sára ìgò pẹ̀lú. Òfin Ọsirélíà kò sọ iye ọdún tí igi gbọ́dọ̀ pé kí a tó pè é ní arúgbó. Àwọn ará Barossa, agbègbè wáìnì kan ní Gúúsù Ọsirélíà, ni wọ́n fi ẹnu kò láàárín ara wọn ní 2009, tí wọ́n pín in sí ọdún 35, 70, 100 àti 125. Ẹni tí ó bá kọ “àjàrà arúgbó” lásán, kò tíì sọ nǹkan kan. Tìrẹ ní orúkọ oko, ó ní ọdún tí a gbìn ín àti ẹni tí ó gbìn ín, ìyẹn sì ṣeé tọpasẹ̀.

Agbọ́tí Òkè-Ìlẹ̀wó dáhùn pé:

Ìbéèrè kejì ni tèmi, nítorí ibẹ̀ ni ẹ ti lè pàdánù gbogbo ohun tí àwọn tí ó ṣáájú mi ti sọ.

Mo ṣiṣẹ́ nídìí ọtí fún ọdún 9 ní ilé ìtura kan ní ìlú yìí. Yàrá tí a ń kó wáìnì sí fara ti ògiri jẹnẹrétọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún kan, àlejò kan ní kí n ṣí ìgò olówó ńlá fún òun. Kí n tó fọwọ́ kàn án, kọ́ọ̀kì rẹ̀ ti yọrí jáde díẹ̀, omi ọtí sì ti gbẹ mọ́ ara ìwé rẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ohun tí mo dà sínú ife ti di àwọ̀ ilẹ̀, ó sì ń rùn bí èso tí a sè jóná. Ọ̀gá mi ní bí wáìnì àtijọ́ ṣe máa ń rí nìyẹn. Irọ́ ni. Ooru ni ó ti sè é.

Wáìnì tí a fẹ́ tọ́jú pẹ́ ń fẹ́ ibi tí ooru rẹ̀ kò kọjá ìwọ̀n 12 sí 15 ní Sẹ́síọ́ọ̀sì, tí ó sì dúró lójú kan. Ọ̀sán oṣù kejì àti ìkẹta lọ́dọ̀ wa ń kọjá 34. Bí ẹ bá ní ilé amọ̀ àtijọ́ kan, irú àwọn tí ó ṣì kù ní Ìtòkú, tí ògiri wọn nípọn, inú yàrá rẹ̀ tí ó ṣókùnkùn jù lọ, lórí ilẹ̀, sàn ju yàrá yòówù lábẹ́ páànù ní Ìbarà. Kí ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ gbé e sínú páálí. Bí ó bá jẹ́ kọ́ọ̀kì ni ìdérí rẹ̀, kí ó dùbúlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èyí tí à ń yí ṣí, ó lè dúró.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí, n kò ní dúró de ọdún méjì. Ọtí yín ti pẹ́ tó láti mu. Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí i, kí ó ti wà ní ìdúró láti àná kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè rọ̀ sísàlẹ̀, kí ó wà nínú fíríìjì fún 30 ìṣẹ́jú, kí ẹ sì rọra dà á. Bí bàbá bá ní ó ń fa ahọ́n òun pọ̀ bíi gúáfà tí kò pọ́n, èèpo àjàrà ni ó fa ìyẹn. Ẹran ewúrẹ́ sísun tí kò ní ata púpọ̀ yóò tù ú. Ẹ má ṣe gbé ọ̀fadà alátaa tútù súnmọ́ ọn. Ata yóò gba gbogbo ẹnu, 1912 kankan kò ní hàn.

Ọmọ Ìtòkú dáhùn pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi. Ó ní kí n bá òun béèrè lọ́wọ́ ará Adelaide: bí igi kan bá kú ní àárín àwọn arúgbó wọ̀nyẹn, kí ni wọ́n ń gbìn rọ́pò rẹ̀?

Ẹ̀gbá Ìlú Òkèèrè dáhùn pé:

Ọmọ igi náà ni, sà. Prue Henschke ti ń ṣa àwọn tí ó dára jù nínú àwọn arúgbó náà láti àwọn ọdún 1980, ó ń gé ẹ̀ka wọn, ó sì ń tọ́ ọ dàgbà lọ́tọ̀, kí ó lè jẹ́ irú kan náà ni yóò wọ ipò wọn.

Ọmọ Ìtòkú dáhùn pé:

Ìyẹn wọ bàbá mi létí ju gbogbo ìyókù lọ. Ìgò náà ti kúrò ní Ìbarà. Ó wà ní Ìtòkú báyìí, nínú yàrá tí ìyá bàbá mi máa ń kó ìkòkò aró rẹ̀ sí, tí ilẹ̀ rẹ̀ tutù ní ọ̀sán gangan. Bàbá mi ti gbà láti ṣí i nígbà tí ó bá pé ẹni 69 ọdún.

Àgbẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá dáhùn pé:

Bí ife kan bá ṣẹ́kù, Ọ̀dẹ̀dá kò jìnnà sí Ìtòkú.