Àìwọ̀, àṣìwọ̀ àti àìtó: ohun tí àwòrán ìròyìn lè jẹ́rìí sí

Àbá wà nílẹ̀ pé kí a máa pe gbogbo àbùkù tí a bá rí nínú àwòrán ìròyìn, níbi tí òṣìṣẹ́ ìlera ti ń lo ìbòmú, ìbọ̀wọ́, awò ojú tàbí ẹ̀wù ìdáàbòbò, ní “àṣìlò”. N kò fara mọ́ ọn, nítorí pé ẹ̀sùn ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe lọ́wọ́ ni ó ń pinnu ohun tí ó yẹ kí ó wọ̀, àwòrán kì í sì í fìgbà gbogbo sọ iṣẹ́ náà fún wa.

Ẹ wo àwòrán nọ́ọ̀sì tí ń fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára láìwọ ìbọ̀wọ́, èyí tí ó máa ń bí ọ̀pọ̀ òǹkàwé nínú. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2010 lórí abẹ́rẹ́ gígún, ìbọ̀wọ́ kò pọn dandan fún irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí egbò lára ẹni tí wọ́n ń gún tàbí lọ́wọ́ ẹni tí ń gún un. Ọwọ́ mímọ́ ni ó ṣe kókó. “Àìwọ̀” lásán ni èyí, kò sì sí ẹ̀bi níbẹ̀.

“Àṣìwọ̀” yàtọ̀ sí ìyẹn pátápátá, òun sì ni àwòrán lè jẹ́rìí sí dáadáa. Okùn méjì ni ìbòmú N95, irú èyí tí ń sẹ́ afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú, sábà máa ń ní, ọ̀kan ní òkè orí, èkejì ní ẹ̀yìn ọrùn; bí a bá rí i tí okùn kan ń fì ní àgbọ̀n, tàbí tí irùngbọ̀n kún abẹ́ etí ìbòmú náà, a mọ̀ pé afẹ́fẹ́ yóò gba àlàfo wọlé láìgba inú aṣọ asẹ́ rẹ̀ kọjá. Bákan náà ni ìbòmú tí ó wà lábẹ́ imú, àti ìbọ̀wọ́ tí kò bo ẹnu apá ẹ̀wù mọ́lẹ̀.

Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà mú kí ohun èlò wọ́n, àwòrán àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n fi àpò ìdalẹ̀nù ṣe ẹ̀wù jáde. Ó dùn mí bí a bá pe ìyẹn ní àṣìlò. “Àìtó” ni, ẹni tí ó yẹ kí ó pèsè ohun èlò ni ó sì ni ẹ̀bi rẹ̀.

Ó tún ku ibi tí àwòrán kò lè dé rárá, ìyẹn ni bíbọ́ ẹ̀wù. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Ebola tí ó jà ní Gíní, Làìbéríà àti Sàró láti ọdún 2014, àsìkò bíbọ́ ẹ̀wù wà lára ìgbà tí ewu pọ̀ jù, nítorí pé omi ara aláìsàn lè ti wà ní ẹ̀yìn aṣọ náà, èyí tí ó mú kí ẹnìkan máa dúró ti ẹni tí ń bọ́ ọ, kí ó sì máa ṣọ́ ìgbésẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí a rí tí ó bora láti orí dé ẹsẹ̀ nínú àwòrán lè fi ọwọ́ tó dọ̀tí kan ojú ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà.

Nítorí náà, bí ẹni tí ń kọ àkọlé àwòrán kò bá mọ iṣẹ́ tí ó ń lọ níbẹ̀, kí ó kọ ohun tí ojú rí, bí àpẹẹrẹ “nọ́ọ̀sì kan tí ìbòmú rẹ̀ wà lábẹ́ imú”, kí ó má sì fi “àṣìlò” kún un.