Kí ni ó fún Volkswagen Ìjàpá ní ohùn rẹ̀, báwo ni mo sì ṣe lè dá a padà?

Ọmọ_Ìtòkò béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́. Bàbá mi ra Volkswagen Ìjàpá kan ní ọdún 1977, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò pọ̀ ní ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1975. Nígbà tí a wà ní kékeré, a kì í dúró de fèrè ọkọ̀ kí á tó ṣí géètì fún wọn. Láti ìsàlẹ̀ òkè ni a ti máa ń gbọ́ ọ, tó-tó-tó-tó, tí súfèé tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ń bá a rìn, àbúrò mi á ti sáré dé ìdí géètì kí iná ọkọ̀ tó yọ. Bàbá ti lọ sinmi báyìí, èmi ni mo sì jogún ọkọ̀ náà.

Ní oṣù tó kọjá, sàlẹ́ńsà rẹ̀ dípẹtà títí ó fi lu. Mo gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ wẹ́dà kan, ó ní irú rẹ̀ gan-an ti wọ́n, ó sì jó sàlẹ́ńsà ọkọ̀ mìíràn, tí ó ní páìpù ńlá kan ṣoṣo, mọ́ ọn lábẹ́. Ọkọ̀ ń rìn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti di gbọ̀ọ̀ bíi ti ẹ̀rọ ìlọta. Ìyá mi jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e wọlé, wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ ọmọ mi pé ọkọ̀ ta ni ó wọ ọgbà wá. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Ìbéèrè mi ni pé, níbo gan-an ni ohùn yẹn ti ń wá? Ṣé inú sàlẹ́ńsà nìkan ni, àbí inú ẹ́ńjìnnì? Ṣé ó sì lè padà?

Mẹkáníìkì_Bẹẹrẹ dáhùn pé:

Àbúrò mi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Ìbàdàn, Ìjàpá ni mo sì fi kọ́ṣẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé.

Ohùn tí ẹ ń gbọ́ ní ẹnu sàlẹ́ńsà kì í ṣe ìró kan ṣoṣo tí ń fà gùn. Ìró kéékèèké púpọ̀ ni, tí ọ̀kan ń tẹ ọ̀kan nígìísẹ̀. Nígbà tí epo bá ti jó tán nínú sìlíńdà, tí fáàfù tí èéfín ń gbà jáde sì ṣí, èéfín gbígbóná tí agbára ṣì wà nínú rẹ̀ yóò já jáde lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì dún pàà. Sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan bí kíránkì, irin ńlá tí ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, bá yí po lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́rin ni sìlíńdà Ìjàpá. Bí ọkọ̀ bá dúró lójú kan, tí ẹ́ńjìnnì ń yí bíi ìgbà 850 ní ìṣẹ́jú kan, bíi 28 irú ìró bẹ́ẹ̀ ni yóò jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tí etí wa fi ń dá ọkọ̀ kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn ni bí àwọn ìró náà ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn, àti ohun tí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà kí wọ́n tó bọ́ síta.

Ti Ìjàpá yàtọ̀ nítorí bí wọ́n ṣe tẹ́ sìlíńdà rẹ̀. Ti Peugeot 504 tò lórí ìlà kan. Ti Ìjàpá dùbúlẹ̀ gbalaja, méjì kọjú sí ọ̀tún, méjì kọjú sí òsì, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ sì wà ní ìdí ọkọ̀. Sàlẹ́ńsà dábùú ẹ́ńjìnnì náà láti ẹ̀yìn. Ẹ wá wo ọ̀nà tí èéfín ń gbà. Sìlíńdà kejì àti ìkẹrin ni ó wà lẹ́yìn, ẹnu wọn sì wọ inú sàlẹ́ńsà tààrà. Ìkíní àti ìkẹta wà níwájú, páìpù tiwọn gbọ́dọ̀ gba abẹ́ kọjá kí èéfín wọn tó dé ibẹ̀. Bí iná sì ṣe ń ṣẹ́ tẹ̀ léra nínú àwọn sìlíńdà ni 1, 4, 3, 2, èyíinì ni pé iwájú, ẹ̀yìn, iwájú, ẹ̀yìn. Nínú ẹ́ńjìnnì, àlàfo àárín wọn dọ́gba. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọn yóò fi pàdé nínú sàlẹ́ńsà, ti iwájú ti pẹ́ díẹ̀, ti ẹ̀yìn ti yá díẹ̀. Bí ẹ bá ti gbọ́ àwọn méjì tí ń gún iyán nínú odó kan náà, tí ọmọ odó ọ̀kan gùn ju ti èkejì, ẹ ti mọ ohun tí mò ń sọ.

Súfèé tí ẹ sọ ń kọ́? Ti páìpù kéékèèké méjì tí ó yọ sẹ́yìn ni. Láti oṣù kẹjọ ọdún 1955 ni Volkswagen ti ń fi méjì sí i. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó ní tẹ́lẹ̀. Páìpù tín-ín-rín mìíràn wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tí wọ́n dá ihò wẹ́wẹ́ sí lára, ibi tóóró yẹn ni èéfín ń fi ipá gbà tí ó fi ń súfèé. Wẹ́dà yín ti gé súfèé náà dànù. Ó tún ti da ìlù inú rẹ̀ rú, nítorí sàlẹ́ńsà tí kì í ṣe ti Ìjàpá kò lè gba èéfín láti ẹnu mẹ́rin bí ó ti yẹ.

Ohun kan ṣì kù. Ìjàpá kò ní rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú. Omi tí ó yí sìlíńdà ọkọ̀ mìíràn ká máa ń bo ariwo mọ́lẹ̀. Ti Ìjàpá kò ní ohun tí yóò bò ó, fáànù rẹ̀ sì ń yí yára ju ẹ́ńjìnnì lọ. Èyí kò jáde láti inú sàlẹ́ńsà rárá, ṣùgbọ́n ó wà lára ohùn tí ẹ mọ̀ mọ bàbá. Ìyẹn kò tíì lọ níbì kan.

Ará_Houston dáhùn pé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Mo fẹ́ fi ti Amẹ́ríkà kún un, nítorí ó ti ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn. Aládùúgbò mi ní Ford Mustang ọdún 1967, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ V8. Mẹ́jọ ni sìlíńdà, mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, iná sì ń ṣẹ́ ní ìwọ̀n kan náà bí a bá ka gbogbo wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n iná kì í ṣẹ́ lọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀kan kí ó ṣẹ́ lósì lẹ́ẹ̀kan. Nígbà mìíràn ó máa ń ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì léraléra ní ẹ̀gbẹ́ kan. Nítorí náà, páìpù apá ọ̀tún ń gbọ́ méjì tí ó sún mọ́ra, lẹ́yìn náà àlàfo gígùn, ibẹ̀ sì ni gbùrù-gbùrù tí a mọ̀ mọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Ìtò iná àti ọ̀nà èéfín ni ìdí ọ̀rọ̀ níhìn-ín pẹ̀lú.

Ẹnjiníà_Ṣómólú dáhùn pé:

Mo fara mọ́ àlàyé ẹ̀gbọ́n wa, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹni tí ó béèrè yìí ṣọ́ra. Kì í ṣe gbogbo ìró ni ohùn ọkọ̀. Bí ó bá ń dún tí-tí-tí láàárọ̀ tí ó sì dákẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ó ṣeé ṣe kí èéfín máa jò níbi tí páìpù ti pàdé ẹ́ńjìnnì, kí irin máa wú dí i bí ó bá gbóná. Bí ó bá ń yìnbọn nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tìrótù, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá afẹ́fẹ́ ń wọlé láti ojú ibi tí wọ́n jó. Fáàfù náà máa ń dún bí àlàfo rẹ̀ bá ti fẹ̀ jù, 0.15 mílímítà ni kí ẹ wọ̀n ọ́n sí, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá.

Èéfín tí ń jò lè pa ènìyàn. Bí ọkọ̀ yín bá ní ẹ̀rọ tí ń mú inú ọkọ̀ gbóná, ara páìpù èéfín ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti ń gba ooru kí ó tó wọ ọ̀dọ̀ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé ọmọ sínú rẹ̀ títí ẹ ó fi tún ibẹ̀ ṣe.

Ẹ má ra sàlẹ́ńsà àlòkù, nítorí inú ni ó ti ń jẹrà kí ìta tó fi hàn. Tuntun ṣì wà, wọ́n ṣì ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá tí wọ́n tò ní Ọ̀jọ́ ni ẹ̀yà ara wọn wá láti Brazil, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Fusca, nítorí náà ẹ lè wá ti Brazil pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ ka nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó sanwó: sàlẹ́ńsà ẹ́ńjìnnì tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1200 kò bá ti 1300 sí 1600 mu.

Ọmọ_Ìtòkò dáhùn pé:

Ọlọ́run á bù kún ọgbọ́n yín. Ní òwúrọ̀ yìí mo fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ náà sókè, mo sì tẹ́ ẹní wọ abẹ́ rẹ̀. Páìpù tí ó ti iwájú wá lápá òsì kò wọ inú sàlẹ́ńsà yẹn dáadáa. Wẹ́dà fi irin pẹlẹbẹ bo àlàfo rẹ̀, èéfín sì ti sọ gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di dúdú kirimú. Mo ti ka nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, mo sì ti ránṣẹ́ sí oníṣòwò kan fún sàlẹ́ńsà tuntun pẹ̀lú páìpù kékeré méjèèjì.

Ní ọjọ́ tí a bá dè é tán, mi ò ní sọ fún ìyá mi. N óò jẹ́ kí wọ́n jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́, n óò sì gbé e gba ìsàlẹ̀ òkè wá.