Èsì lórí "asùnta": "ní" kọ́ ló ni ọ̀rọ̀ yìí, "rí" ni

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín o.

Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí mo ti ń ka ìjà yìí tí mo sì ń pa á mọ́ra. Àmọ́ lánàá, ọ̀rẹ́ wa tó dá "asùnta" sílẹ̀ kọ̀wé pé ìjíròrò ti parí, kí gbogbo wa máa lo ọ̀rọ̀ òun nìṣó. Ta ló bá a parí rẹ̀?

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: arábìnrin wa tó ń túmọ̀ ìròyìn ló béèrè ohun tó yẹ kí a máa pe àwọn tí kò ríbi gbé ní àwọn ìlú ńlá ayé òde òní, tí ilé gogoro sì kún ìlú ọ̀hún fọ́fọ́. Ọ̀gá wa, olùkọ́ gírámà, ní "aláìnílé". Ọ̀rẹ́ wa ní "asùnta". Ẹnì kan tún ní "aláìnílélórí". Ti ẹni ìkẹyìn yìí kò gba àkókò: orí wo ló ń gbé ilé? Ìgbín nìkan ni mo mọ̀ tó ń gbé ilé kiri, ẹ̀yìn ni òun pàápàá gbé e sí.

Ó di orí asùnta. "A-" yẹn ni kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi. Apẹja, akọ̀wé, aránṣọ, awakọ̀: iṣẹ́ tí èèyàn yàn láàyò ni. Ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta lánàá ni ẹ wá ń pè ní asùnta, bí ẹni pé ó kọ́ṣẹ́ oorun ìta tó sì ti ṣe fírídọ̀mù! Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa fi afọ́jú àti adití kò mí lójú. Ẹ wò ó dáadáa: ojú ló fọ́, etí ló di, ẹni náà kọ́ ló ṣe é. Sùn ńkọ́? Èèyàn fúnra rẹ̀ ló ń sùn. Akúṣẹ̀ẹ́ nìkan ló ń dà mí láàmú díẹ̀, mo ṣì ń rò ó.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìta kọ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń sùn. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi sùn ní pálọ̀ ọ̀rẹ́ mi, lọ́dún tí onílé mi fowó kún owó ilé tí apá mi kò sì ká a mọ́. Àpótí mi wà lẹ́yìn àga. Mo máa ń ká ẹní mi kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó jí, mo sì máa ń pẹ́ níbi iṣẹ́ kí n má baà bá wọn nídìí oúnjẹ alẹ́. Mi ò sùn síta lọ́jọ́ kankan. Síbẹ̀, mi ò rílé gbé.

Ẹgbẹ́ FEANTSA tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yìí ní Yúróòpù pín in sí ọ̀nà mẹ́rin ní 2005: ẹni tí kò sí òrùlé kankan lórí ibi tó ń sùn, ẹni tó wà ní ibùwọ̀ ìgbà díẹ̀, ẹni tí wọ́n lè lé jáde nígbàkigbà, àti ẹni tí ibi tó ń gbé kò yẹ ní gbígbé. Ti àkọ́kọ́ nìkan ni asùnta mọ̀. Ẹ má sì sọ pé eré ọ̀rọ̀ là ń ṣe. Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé ka 771,480 èèyàn ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní 2024. Ẹni tó wà níta àti ẹni tó wà ní ibùwọ̀ ni wọ́n kà. Ẹni tó wà ní pálọ̀ ọ̀rẹ́ kò sí níbẹ̀. Ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba kan náà sì ń ka ọmọ tí òun àti òbí rẹ̀ lọ há mọ́ ilé onílé nítorí àìrówó san. Ìjọba kan ṣoṣo, ìtumọ̀ méjì. Ẹni tó bá sọ ọ́ lórúkọ ló ń sọ ẹni tí wọ́n máa kà.

Ọ̀gá wa ló kàn. Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ ti ń kọ́ni ní gírámà kí wọ́n tó bí mi, ẹ sì ti rán wa létí lẹ́ẹ̀mejì nínú lẹ́tà kan. "Ní" inú aláìnílé ni mo bá jà, kì í ṣe ẹ̀yin. Kí ni òdìkejì aláìnílé? Onílé. Ta ni onílé? Ẹni tó ń gba owó ilé ni. Ayálégbé wá ńkọ́? Kò kúkú nílé. Ẹ ti sọ gbogbo ayálégbé ayé di aláìnílé nìyẹn, ẹni tó sì ń sùn lábẹ́ afárá kò rí orúkọ tirẹ̀ gbà.

Ẹ wo Finland. Láti 2008 ni wọ́n ti ń wá ilé fún irú àwọn èèyàn yìí ná, kí wọ́n tó bá wọn sọ̀rọ̀ ọtí tàbí iṣẹ́, iye wọn sì dín kù gidigidi. Wọn kò sọ ẹnikẹ́ni di onílé. Ìwé ìyálégbé ni wọ́n ní kí wọ́n fọwọ́ sí. Nínú gírámà Ọ̀gá, aláìnílé ṣì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rílé gbé.

Ìdí nìyí tí mo fi dúró lórí "aláìrílégbé". Kì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀; a ti ń sọ aláìríṣẹ́ṣe tipẹ́, ẹnu ẹnikẹ́ni kò sì wọ́. "Rí" yẹn fi hàn pé ẹni náà ti wá a. Ẹni tí kò rí jẹ kì í ṣe ẹni tí kò fẹ́ jẹun. Aláìnílé sì ti ní èébú nínú láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Bí a bá pẹ́ níta nígbà tí a wà lọ́mọdé, ìyá mi àgbà kì í béèrè ju ẹyọ kan lọ: "Ṣé ẹ ò nílé ni?" A nílé o! Ìwà ló ń bá wí.

Arákùnrin tó ní ká pa "olówó" àti "ọlọ́rọ̀" pọ̀ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ àlàfo tó wà láàárín wọn àti tálákà, mi ò gbà fún un. Ìròyìn World Inequality Report ti 2022, ìyẹn ìwádìí lórí àìdọ́gba owó àti ọrọ̀ láyé, ya méjèèjì sọ́tọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà láyé, mẹ́wàá tó wà lókè ló ń kó 52 nínú 100 owó tó ń wọlé. Tó bá wá di ọrọ̀, 76 ló wà lọ́wọ́ wọn. Àádọ́ta tó wà nísàlẹ̀? Nǹkan bí 8.5 nínú owó tó ń wọlé, 2 péré nínú ọrọ̀. Ẹ ò rí i pé inú ọrọ̀ ni àlàfo náà ti fẹ̀ jù! Ọrọ̀ ọ̀hún, ilé wà nínú rẹ̀. Bí ilé bá gbówó lórí, onílé ti lọ́rọ̀ sí i lójú oorun; lọ́jọ́ kan náà ni ayálégbé ń ṣírò bóun ṣe máa san ti oṣù tó ń bọ̀. Ilé kan náà ni wọ́n jọ ń sọ. Ọ̀kan ń ní in, èkejì ń wá bó ṣe máa rí i gbé.

Ọkùnrin kan wà tó ń gbé mọ́tò rẹ̀ dúró ní títì tó wà lẹ́yìn ibi iṣẹ́ mi. Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta rọ̀ ní fèrèsé ẹ̀yìn, ó ti lọ̀ wọ́n dáadáa. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wà nínú ife lẹ́gbẹ̀ẹ́ síárìn. Láàárọ̀, á wọ ọ̀kan, á gba ibi iṣẹ́ lọ. Ilé gogoro tuntun ló dojú kọ ọ́. Mo ka fèrèsé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan: ó lé ní ogójì, iná tàn nínú mẹ́fà.

Ẹni tó ní ká lé "tálákà" dànù nítorí pé ọ̀dọ̀ Haúsá ló ti wá, ẹ lé àlùbọ́sà náà dànù ná, kí a tó jọ sọ̀rọ̀. Ẹni tó sì kọ "alainile" láìfi àmì sí i, tí a fi jà fún odindi ọ̀sán bóyá ilé ni tàbí ilẹ̀, mi ò tíì dárí jì yín.

Ohun tó kù tí mi ò tíì rí ojútùú sí ni "gbé". Ẹni tó wà ní ibùwọ̀, mo lè sọ pé ó rílé sùn, kò rílé gbé. Ọkùnrin inú mọ́tò yẹn ńkọ́? Ṣé inú mọ́tò ló ń gbé ni, àbí ibẹ̀ ló ń sùn? Ọ̀gá, ẹ̀yin ni mò ń bi o, ṣùgbọ́n ẹ má tún bẹ̀rẹ̀ látorí iye ọdún tí ẹ ti fi kọ́ni.